Ìgò Mẹ́fà Orí Pẹpẹ Onímú

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò tíì bọ́jú tó fi bọ́ sí ilé ìdáná. Ó gbé ọṣẹ ìfọwọ́ sí imú, ó fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó gbé e kalẹ̀. Ó ṣí agolo tíì, ó ki imú bọ̀ ọ́. Ó fi èékánná ha èèpo ọsàn, ó gbé e sí ihò imú ọ̀tún, ó gbé e sí ti òsì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí bàtà wà, ó ṣí ìpara bàtà dúdú, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kùn ún ní ṣóńṣó imú. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́rin tí kò ti gbọ́ òórùn kankan.

Ká ní iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe ni, ì bá dùn ún, ṣùgbọ́n bíríkì kò ní bi í léèrè. Ká ní awakọ̀ èrò ni, àwọn mìíràn ì bá tilẹ̀ kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n imú ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹun. Onímú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìkan ló kù sí.

Ilé ìtajà ọtí ńlá kan wà ní òpópónà àwọn báńkì, tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì méjì àti àga onígi mẹ́ta fún oníbàárà tó bá fẹ́ jókòó ronú. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Onímú ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹrù ló fi orí rù wọlé ní ọdún kìíní. Ní ọdún kẹta, ìgò kan já bọ́ lọ́wọ́ Màdáámú tó ni ilé ìtajà náà, ó fọ́ yángá. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ ka àkọlé, ọkùnrin tó ru páálí lórí lẹ́nu ọ̀nà ti sọ orúkọ ọtí náà àti iye ọdún tó lò nínú àgbá. Màdáámú ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ru páálí mọ́.

Wisikí ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì ni iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá àwọn tó ti dàgbà nínú wọn: èyí tí ilé ìpọntí kan ṣoṣo fi ọkà báálì nìkan pọn, tí wọn kò bu ti ẹlòmíràn là, tó sì ti jókòó sínú àgbá igi fún ọdún méjìdínlógún, ó kéré tán. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Onímú á yan mẹ́fà nínú wọn. Pẹpẹ igi dúdú kan dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Àwọn mẹ́fà yìí nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Pẹpẹ Onímú ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, káàdì funfun kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ohun tí o máa kọ́kọ́ gbọ́, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tó máa kù sí ọ lọ́fun nígbà tí o bá ti ń wá fìlà rẹ láti máa lọ. Nítorí káàdì yẹn làwọn èèyàn ṣe ń wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Màdáámú á pe àwọn oníbàárà àtijọ́ méjìlá, wọn á ṣí ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọn á tọ́ wọn wò kí títà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ọdún yìí ku ọjọ́ méjìlá.

Onímú kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ó ń tọ́ ọ wò ni, á yí i lẹ́nu, á tu ú sínú ike. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí ọjọ́ tí ọtí pa á. Ó kàn fẹ́ràn wọn bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn èèyàn ni, ó sì sọ olúkúlùkù wọn lórúkọ nínú ìwé kékeré kan tó ń gbé inú àpò àyà rẹ̀. Apẹja ni èyí tó wá láti erékùṣù, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń mú èéfín àti iyọ̀ òkun bọ̀. Opó Ọlọ́rọ̀ lo ọdún mọ́kànlélógún nínú àgbá tí wáìnì aládùn ti kọ́kọ́ gbé. Ó dùn, ó wúwo, kì í sì í yára dá èèyàn lóhùn. Olùkọ́ Ìṣirò jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó gbẹ, ó ṣe tààrà, kò mọ àwàdà. Aláròyé kì í dúró sórí ọ̀rọ̀ kan: bí o bá ṣe ń di ife rẹ̀ mú pẹ́ tó ni òórùn rẹ̀ ń yí padà tó. Àbígbẹ̀yìn rọ̀, oyin àti koríko ni. Òkè gbogbo wọn ni Àgbà wà, ọgbọ̀n ọdún nínú àgbá. Ọdún mọ́kànlá ni Àgbà ti jókòó sí ipò kìíní lórí pẹpẹ náà, kò sì sí ẹni tó bá a du ú.

Òtútù àti ibà ló mú Onímú. Ibà náà lọ lẹ́yìn ọjọ́ méje, ó sì kó gbogbo òórùn ayé lọ. Dókítà tan iná sí i nímú, ó ní, "Ó lè padà lóṣù mẹ́ta. Ó lè padà lọ́dún kan."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

Dókítà pa iná. "Ẹ máa gbé nǹkan mẹ́rin sí imú láràárọ̀," ló wí, "kí ọpọlọ má baà gbàgbé ọ̀nà."

Onímú kò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ọbẹ̀ ló sọ fún un. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, yàrá iwájú ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ó ń rán kọ́tìnì ilé ìtajà Màdáámú lọ́wọ́, èyí tí wọn máa fi dí oòrùn lójú fèrèsé, nígbà tí èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó sáré dé ilé ìdáná, ó bá ọbẹ̀ tó ti di èédú nínú ìkòkò, ó sì bá ọkọ rẹ̀ tó kẹ̀yìn sí iná, tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Bàbá wọn! Ṣé ẹ fẹ́ sun wá láàyè ni?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ wá ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀! Àwọn ará ilé kẹta ti ń wúkọ́, ẹ̀yin ń ka bọ́ọ̀lù."

Onímú yíjú padà, ó rí èéfín. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìkòkò sábẹ́ omi, ó dúró, ó wò ó.

"Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Ọkọ rẹ̀ ń ká ìwé ìròyìn jọ.

"Onímú," ló wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "imú dà?"

Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kò bá a rín in ni ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ibà."

"Màdáámú mọ̀?"

"Kí n wí fún un pé kí ni? Pé awakọ̀ rẹ̀ ti fọ́jú?"

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Bàbá wọn."

"Ṣé o rí i kí n sùn ni?"

Òótọ́ ni, kò sùn. Ọkùnrin tó lè jókòó ti ife kan fún odindi wákàtí ti di ẹni tí àga ń jó nídìí. Á wọ yàrá, á jáde. Á ṣí fèrèsé, á tì í. Ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, imú ló ń gbé e lọ: síbí, ìrọ̀rí, ìwé iná mànàmáná. Níbi iṣẹ́, á gbé ife sí imú, á dijú, á mi orí díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe, á ka ẹẹ́ta, á sì sọ ohun tó ti wà nínú ìwé kékeré rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ń gbà á gbọ́. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló ń lé e kiri: pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rò pé imú òun ni wọ́n ń sanwó fún, tó wá rí i pé bí òun bá ṣáà ti mi orí, ó tó wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ajé yẹn, mo gbé ṣòkòtò méjì lọ sílé wọn kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi ké ẹsẹ̀ wọn kúrú. Mo bá tábìlì ìjẹun tí wọ́n ti fà sí ẹ̀bá fèrèsé, bébà funfun lórí rẹ̀, àti ìgò kéékèèké méjìlá tí Onímú ní kí olùtọ́jú sítọ̀ọ̀ bu ọtí sí fún òun níbi iṣẹ́. Ife mẹ́ta tó súnkì lẹ́nu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó dáa tí o dé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkọ mi fẹ́ sọ mí di ọ̀mùtí lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Ṣe ni mo ní kí o gbọ́ òórùn rẹ̀," ni Onímú wí. "Ta ló ní kí o mu?"

"Èmi tí mi ò mu ju tíì àti omi lọ!"

"Ìdí nìyẹn tí imú rẹ fi mọ́. Má ki imú bọ̀ ọ́ bí ewúrẹ́ tó rí ìkòkò. Gbé e sétí ife. La ẹnu rẹ díẹ̀. Ka ẹẹ́ta."

Ó kà á. Omi lé sí i lójú. "Ó ta mí!"

"Agbára ọtí nìyẹn. Kán omi méjì sí i. Tún un gbọ́. Kí lo gbọ́?"

"Kí ni kí n sọ?"

"Bó ṣe wá sí ọ lọ́kàn. Má wá gbólóhùn tó rẹwà."

Ẹ̀gbọ́n mi dijú. "Ilé ìwòsàn," ló wí. "Ilé ìwòsàn etí òkun, tí ẹnì kan wá ń sun okùn ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn rẹ̀."

Onímú fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Apẹja! Apẹja nìyẹn! Kò ka àkọlé kankan, kò mọ̀ ọ́n rí!" Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ bá a jiyàn.

Ó gbé òmíràn fún un. "Báàgì aláwọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ti ìyá àgbà kan, tó fi èso gbígbẹ àti súìtì pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó ti gbàgbé." Opó Ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Ó gbé òmíràn. "Ṣọ́ọ̀kì. Èèpo ọsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni yìí kì í rẹ́rìn-ín." Onímú rẹ́rìn-ín dípò rẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín náà bí ìró ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó kan Aláròyé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èso ni... ẹ dúró ná, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni... ó tún ti lọ! Kí ló ń sá fún?" Àbígbẹ̀yìn ní tirẹ̀, ó ní orí ọmọ tó sùn sínú koríko ni. Mẹ́fà mìíràn ló kàn fi ọwọ́ tì sẹ́yìn, ó ní wọn kò bá òun sọ nǹkan kan.

Ọkọ rẹ̀ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọ, ó ń rìn, ó ń kọ. Àgbà ló fi pamọ́ sí ìkẹyìn. Ó fi aṣọ nu ife náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dà á.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí imú, ó yí orí kúrò kíá.

"Èyí ò dáa."

"Tún un gbọ́."

"Mo ti gbọ́ ọ. Páálí tí òjò pa ni, tí wọ́n gbé sí yàrá tí kò ní fèrèsé. Àkísà ìnulẹ̀ tí wọn ò sá."

Onímú tọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ ìwé kékeré jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ojú ewé náà kíákíá. "'Ìda oyin,'" ló kà. "'Àpótí igi àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Èso tó pọ́n tán.' Níbo lo ti rí páálí nínú èyí?"

"N kò mọ ti inú ìwé. Inú ife ni mo ti rí i."

"Ọgbọ̀n ọdún ni ọtí yìí lò nínú àgbá!"

"Kí ló wá kàn mí nínú ọjọ́ orí rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ ọtí, èmi mọ aṣọ. Tí aṣọ bá ti hu, mi ò ní pè é ní tuntun torí pé mo fẹ́ràn ẹni tó ni ín."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ti gbọ́ méjìlá, imú rẹ̀ ti kú," ni Onímú wí, èmi ló kọjú sí. Ó gbé ife náà fúnra rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ahọ́n rẹ̀ mọ adùn, ó mọ iyọ̀, ó mọ ìkorò àti ìkan. Lẹ́yìn mẹ́rin yìí ògiri ló kù. Mo rí i tó ń yí ọtí náà lẹ́nu, tó ń wá nǹkan, tó sì mi orí níkẹyìn. Adùn wà níbẹ̀. Ó fi ìrántí parí ìyókù.

Ìrántí kì í hu, kì í kan, òjò kì í pa á. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi wọn ohun tó wà nínú ife.

Ní ọjọ́ kejì ó fún Màdáámú ní orúkọ àwọn mẹ́fà, Àgbà ló ṣáájú, ó sì kọ káàdì mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ sí márùn-ún nínú wọn, ó kàn tò wọ́n dáadáa. Ẹ̀kẹfà, ohun tó ti kọ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló dà á kọ. Láti ọjọ́ náà kò tún lè dúró lójú kan rárá. Á tún ìgò tò, á tú u, á tún un tò. Màdáámú ní, "Onímú, ṣé ìgbẹ́ ń gbọ̀n yín ni?" Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in.

Ọjọ́ Ẹtì ló sọ̀ kalẹ̀ sí sítọ̀ọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti gbé ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sókè. Olùtọ́jú sítọ̀ọ̀ náà kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀. Ilé ìtajà wáìnì ló ti wá, nítorí náà Ọ̀gbẹ́ni Wáìnì ni wọ́n ń pè é. Onímú gbé Apẹja, ó gbé Opó, ó gbé Olùkọ́, Aláròyé, Àbígbẹ̀yìn, gbogbo wọn ló wà ní ìnàró. Nígbà tó dé ìdí páálí Àgbà, ó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ni páálí náà fi lélẹ̀.

"Ta ló tẹ́ èyí sùn?"

"Èmi ni, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Wáìnì wí, inú rẹ̀ dùn. "Kí kọ́ọ̀kì ẹnu rẹ̀ má baà gbẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Wáìnì ló ń sùn. Wisikí kì í sùn, ìnàró ló máa ń wà. Ọtí rẹ̀ le, ó ń jẹ kọ́ọ̀kì."

"Ha! Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, sà."

"Mélòó lo tẹ́ báyìí?"

"Páálí kan yìí náà ni. Mo rí i pé òun lẹ fẹ́ràn jù, mo ní kí n tọ́jú ẹ̀ fún yín dáadáa. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá."

Onímú kò bú u. Ó jókòó sórí àpótí, ó fa kọ́ọ̀kì ìgò kan yọ. Ìdajì rẹ̀ ti dúdú. Nígbà tó fún un díẹ̀, ó fọ́ sí i lọ́wọ́ bí àkàrà tó ti pẹ́. Ó gbé àfọ́kù náà sí imú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i, ìka rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, ó sì wá gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn: páálí tí òjò pa.

Ó sọ ohun tó rò lẹ́yìn náà fún mi, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó rò ó pé kóun yọ Àgbà kúrò, kóun ní kọ́ọ̀kì ló bàjẹ́, kóun sì gbé ẹ̀bi rù Ọ̀gbẹ́ni Wáìnì. Ṣùgbọ́n Màdáámú á béèrè pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ ní ó dára?" Ó tún rò ó pé kóun dákẹ́. Èèyàn máa ń gbọ́ ohun tí káàdì bá ní kó gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ páálí, kálukú wọn á rò pé imú tòun ló ṣìnà, wọn ò ní rò ó sí ti Onímú. Ó gbé ìgò náà gun òkè. Ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ni, ó ní òun ka gbogbo rẹ̀, òun ò sì rí ìdáhùn lórí ọ̀kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjìlá pé. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sórí àga àárín. Obìnrin kan tó jẹ́ dókítà eyín jókòó tì í. Èmi gba àyè láti ru kọ́tìnì wọlé fún ẹ̀gbọ́n mi, òun sì wà lórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi kọ́tìnì náà kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbígbẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ dà, wọ́n ń gòkè bọ̀. Inú wọn dùn. Nígbà tí wọ́n dé orí Opó Ọlọ́rọ̀, Adájọ́ gbé káàdì sókè, ó kà á sí gbogbo ilé létí: "'Báàgì aláwọ ìyá àgbà, tó fi súìtì pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ti gbàgbé.' Onímú! Ọdún yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀. Ti àtẹ̀yìnwá dà bí ìwé ẹjọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lórí àpótí, ẹ̀gbọ́n mi fi etí kọ́tìnì bo ẹnu.

Wọ́n wá da Àgbà. Adájọ́ gbé ife sí imú, ojú rẹ̀ dúró. Ó wo káàdì. Ó tún gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀ jù.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ìda oyin. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ."

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni dókítà eyín wí, kò gbójú sókè.

"Àti àpótí igi àtijọ́," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Àwọn méjìlá ń mi orí, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, bí Onímú ṣe máa ń mi tirẹ̀. Ó ti bọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti tán, ọdún kan mìíràn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onímú wo fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀, tó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wọn, ti fún imú jọ.

"Ẹ gbé ife kalẹ̀," ni Onímú wí.

"Kí lẹ wí?" ni Màdáámú bi í.

"Ẹ má mu ún. Ó ti bàjẹ́. Kọ́ọ̀kì ti bà á jẹ́, páálí tútù ló ń rùn." Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú pẹpẹ náà bó ṣe ń sọ ọ́. "Èmi ò gbọ́ ọ. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan láti oṣù mẹ́ta, ì báà ṣe ọṣẹ, ì báà ṣe iná. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti bàjẹ́, mo ní wọn ò mọ ọtí."

Adájọ́ ló kọ́kọ́ gbé ife tirẹ̀ jìnnà sí ara. "Mo mọ̀!" ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Páálí ni mo gbọ́! Káàdì yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́."

"Èmi ti ń rò ó pé ehín aláìsàn tí mo fà láàárọ̀ ló ṣì wà nímú mi," ni dókítà eyín wí.

Ṣùgbọ́n Màdáámú kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá gbọ́ àwọn márùn-ún tó kù?"

Onímú nawọ́ sí fèrèsé. "Ìyàwó mi."

"Aránṣọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti orí àpótí, "mi ò mu ún o. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́."

Màdáámú rìn lọ síbi pẹpẹ náà, ó da káàdì Àgbà dojú bolẹ̀, ó ní, "Ẹ wá rí mi lọ́jọ́ Ajé," ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ.

Kò lé e. Kò sì dá a sí tán. Ó ní kó máa bọ̀ títí ọdún á fi parí, ṣùgbọ́n kí Ọ̀gbẹ́ni Wáìnì gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀, kí Onímú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọtí. Bí imú Onímú bá padà, wọn á jọ wò ó. Bí kò bá padà, pẹpẹ ní láti ní ẹlòmíràn. Ó ní kí ipò kìíní ṣófo títí di ìgbà náà. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá máa bá wọn gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Àìkú nìkan, nílé òun, lórí tábìlì òun, torí kọ́tìnì kì í rán ara rẹ̀. Àwọn tó ń wọlé máa ń dúró níwájú àyè tó ṣófo yẹn, wọ́n á béèrè. Onímú fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn, ó sì ń sọ ọ́ ní ìnàró, ìgò kan lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mo lọ gba ṣòkòtò mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà. Mo bá a nílé ìdáná. Ó gbé ọṣẹ sí imú, ó gbé tíì, ó gbé èèpo ọsàn, ó gbé ìpara bàtà. Nǹkan márùn-ún ló wá ń gbé báyìí. Ìkarùn-ún wà nínú ìgò kékeré kan lórí fèrèsé: Àgbà tó bàjẹ́ ni. Ó ṣí i, ó la ẹnu díẹ̀, ó ka ẹẹ́ta.

"Ẹ gbọ́ nǹkan?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í láti ìdí máṣíìnì.

"Rárá." Ó dé ìgò náà, ó tún ṣí i. "Bó bá jẹ́ páálí tútù yẹn ni yóò kọ́kọ́ padà, mo ti gbà á."

"Ẹ jókòó ná, kí tíì yín má baà tutù."

Ó fa àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò jókòó.